Kẹ́ẹ̀gì Omi Òkun Tí A Gbé Lọ sí Ìfọ̀

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo wo inú rẹ̀ dáadáa, mo sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè ní Mówè, láti ọ̀nà Ọ̀fàdà títí dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, ta ni bírikìlà tí ògiri rẹ̀ kì í là. Èmi ni. Ojú lásán ni mo fi ń mọ ògiri tó wọ́. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń gbé ilé dúró kò lè ṣàì mọ bí a ti ń ṣètò ìrìn-àjò, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì sì ń bá mi jiyàn lé lórí títí dòní nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ télọ̀ ní Ìbàfò, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Gbogbo wa ń pè é ní Alhaji, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó jìnnà jù tó dé láyé rẹ̀ ni Ìlọrin. Èkejì jẹ́ kápẹ́ńtà ní Ìfọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló sọ mí ní Injiníà. Wọ́n rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe, èmi sì ń jẹ́ ẹ bí orúkọ mi.

Ìyá kápẹ́ńtà ló gbé wa dé òkun. Etí òkun ní ìhà Àgbádárìgì ni wọ́n bí Màmá sí. Ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ló mú un wá sí Ìfọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, kò sì padà lọ gbé ilé mọ́. Yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ nínú ọgbà kan náà, ìyá kan ló wà níbẹ̀ tó fi iyọ̀ títà tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, ọmọ Ìfọ̀ pọ́ńbélé tí kò rí òkun rí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé ni wọ́n ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Màmá ní omi òkun ní iyọ̀, ìyá oníyọ̀ ní irọ́ ni.

"Ta ló bu ú sí i?" ni ìyá oníyọ̀ máa ń bi í. "Bí omi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá níyọ̀, kí ló dé tí ẹja tó ń gbé inú rẹ̀ fi ń tẹ́ lẹ́nu bí a kò bá fi iyọ̀ sè é? Iyọ̀ ni mo fi jẹun láyé yìí. Inú àpò ló ti ń wá."

Ọ̀rọ̀ ẹja yìí kò ní èsì. Èmi gan-an gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì bò mí mọ́lẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀ nígbà tí a lọ kí i, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tún ti wà lẹ́nu àríyànjiyàn.

Màmá ní, "Bí mo bá kú báyìí, òpùrọ́ ni obìnrin yìí máa ní wọ́n sin."

"Mo máa sunkún rẹ o," ni ìyá oníyọ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tó kọjú sí ògiri, ẹ sì mọ̀ pé ohun tó bá ti kan ògiri kì í pamọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Obìnrin tó dàgbà sétí òkun, a wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pè é ní òpùrọ́ lórí òkun.

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi máa lọ bu omi òkun wá. Ìyá oníyọ̀ á tọ́ ọ wò lójú gbogbo wa."

Kápẹ́ńtà wò mí. "Ìgbà wo lo dé òkun rí?"

"Ṣé mo ní mo ti dé ibẹ̀ ni? Mo ní mo máa lọ. Ìwọ tí o ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó láti ìgbà tí o ti mọ òòlù gbá, ṣé o bu kọ́ọ̀bù kan wá fún ìyá rẹ?"

Bí a ṣe pinnu láti lọ nìyẹn.

Fràídé kan tí ìjọba fún ní hòlídè la gbéra. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gba owó. Òfin mi ni pé a kò ní háyà ohunkóhun: ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wọ̀ làwa náà máa wọ̀, oúnjẹ wa á sì ti ilé wá. Ìyàwó mi di mọ́ínmọ́ín, Alhaji gbé gàrí àti ẹ̀pà, kápẹ́ńtà gbé ẹnu rẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun kan, aláwọ̀ ìyeyè. N kò gbé èyí tí mo fi ń pọnmi níbi iṣẹ́, nítorí mo mọ ìyá oníyọ̀: á ní sìmẹ́ńtì ló ń ta òun lẹ́nu.

Mo ti gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin tuntun kan wà tó ń gbé èèyàn láti Àgbàdo dé Ọ̀yìngbò láìsí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, mo sì ti pinnu pé òun la máa wọ̀. Èmi àti Alhaji wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàfò dé Bẹ́gà. A sọ̀ kalẹ̀, a wọ òmíràn, a gba Akútẹ àti Àjùwọ̀n kọjá, ó di Àgbàdo. Kápẹ́ńtà ti ń dúró dè wá níbẹ̀.

"Injiníà, ibo lẹ gbà wá?"

"Bẹ́gà."

"Bẹ́gà tó wà l'Ékòó?"

"Òun náà ni."

"Ẹ ti dé Èkó, ẹ wá kúrò l'Ékòó, kí ẹ lè wá wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó?"

Alhaji, tó dà bíi pé ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà látìgbà tí a ti kọjá Àjùwọ̀n, kàn gbójú sókè wo sánmọ̀. Mo dá kápẹ́ńtà lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé gíga, ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbẹ́ lọ. Wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n ní àánú mi ló ṣe àwọn.

Ọkọ̀ ojú irin náà dáa. Ó tutù, ó mọ́, ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn ló ń gbà kọjá. Níbẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ẹni tó kọ́ ilé àti ẹni tó kàn kó búlọ́ọ̀kù jọ. Mo ń fi ọwọ́ hàn wọ́n: "Ẹ wo ìyẹn, kò tọ́. Ẹ wo tọ̀hún, òjò méjì sí i, ó ti parí." Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yí ojú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé wa lẹ ń bú yẹn o."

Mo ní kó má bínú, pé ògiri náà dáa, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ni kò jẹ́ kó hàn. Kápẹ́ńtà fi fìlà bo ojú, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì fún ẹ̀rín.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, a wọ bọ́ọ̀sì dé Marina, Alhaji kí Jímọ̀ọ̀ tirẹ̀, a sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Takwa Bay, erékùṣù tó wà lẹ́nu ibi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Wọ́n ní dandan ni kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Tèmi kò pa dé. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà ní kí n fa ikùn sínú. Mo ní ikùn kọ́ nìyẹn, ọrọ̀ ni.

"Ọrọ̀ náà ló máa kọ́kọ́ rì," ni kápẹ́ńtà wí.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí omi, mo di etí rẹ̀ mú gírígírí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó le ni. Alhaji ń ka gbogbo kéwú tó mọ̀, nígbà tó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kápẹ́ńtà nìkan ló ń wo ìhín wo ọ̀hún bí ẹni tí wọ́n bí sórí omi. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni.

Ìrọ̀lẹ́ la dé erékùṣù náà, a ò sì san owó òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá kan tó ń dín ẹja níbẹ̀ ní àtíbàbà ńlá kan, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ti yẹ̀. Mo tú búlọ́ọ̀kù rẹ̀, mo tún un tò pẹ̀lú iyanrìn àti òkúta, láìsí sìmẹ́ńtì, ó sì dúró. Ìyá náà gun orí rẹ̀, ó fò lé e, ó ní a lè sùn sí abẹ́ àtíbàbà òun bí ó bá wù wá. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ irú ìyẹn. Alhaji ní kí n bu gàrí, kí n jẹ́ kí òun gbádùn afẹ́fẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la bu omi. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ni kápẹ́ńtà fẹ́ ti bu ú, níbi tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo ní, "Rárá o. Màmá ò sọ̀rọ̀ ọ̀sà, òkun ló ní. A máa lọ sí ẹ̀yìn ọ̀hún, níbi tí kò ti sí òdì-kejì."

A fẹsẹ̀ rìn gba inú iyanrìn títí a fi rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí òkun gidi, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Ó ń mí. Ó ń kó ara rẹ̀ jọ láti òkèèrè, á dìde, á wó lulẹ̀ bí ògiri tí kò ní ìpìlẹ̀, á sì tún gbéra. Kápẹ́ńtà ní, "Ibi tí ìyá mi ti wá nìyí," kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ohun tí mo kà sí iṣẹ́ ìyanu.

Mo ká ṣòkòtò sókè. Mo ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn, pé ẹni tó mọ omi ló ń wọ omi. Mo rìn wọlé, mo tẹ ẹnu kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀, ó ń mu gbùgbùgbù. Nígbà náà ni ìgbì kan tí n kò bá jà rí gbé mi láti ẹ̀yìn. N kò mọ ọ̀run, n kò mọ ilẹ̀. Ìgbà tí mo lajú, mo wà lórí iyanrìn gbígbẹ, fìlà mi ti ń lọ sí òkè òkun, Alhaji di apá mi kan mú, kápẹ́ńtà di èkejì.

"Injiníà," ni Alhaji wí, "ṣé omi mọ̀ ọ́ bí ìwọ náà ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bóyá mo jọ̀wọ́ kẹ́ẹ̀gì. N kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó kún dé ọrùn. Mo fi ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kí n tó dé e.

Wàhálà wa bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yìngbò nígbà tí à ń padà bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan tó wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin dá wa dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì?"

"Omi òkun."

"Omi kí ni?"

"Òkun. Ìyá kan ló máa tọ́ ọ wò ní Ìfọ̀."

Ó wo ojú mi, ó wo kẹ́ẹ̀gì. "Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í gbé bẹntiróòlù wọ ibí."

"Fi imú sí i."

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí."

Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e lé ẹnu, mo sì mu ún níwájú rẹ̀ àti níwájú gbogbo èrò. Ojú mi ò yí. Kápẹ́ńtà ní ojú mi yí, ó ní etí mi pàápàá mì, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ, sà." Òtítọ́ ni pé òsúkè bá mi títí a fi kọjá Agége, ṣùgbọ́n a wọlé.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbàdo. Èmi àti kápẹ́ńtà lọ wá ọkọ̀ Ìfọ̀, a fi Alhaji ti kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí kékeré kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àṣìṣe wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń fi mùsùlùmí àti kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ní àkókò ìrun Àsárì.

Ìgbà tí a padà dé, Alhaji ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Búútà àlùwàlá kún iwájú rẹ̀, àwọn ọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn tutù. Bàbá arúgbó kan ń tutọ́ sílẹ̀ léraléra.

"Ẹ̀yin Alhaji yìí," ni bàbá náà ń wí, "kànga ibo lẹ ti fa omi yìí? Ó ń ta mí lẹ́nu!"

Kápẹ́ńtà gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó fúyẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n sétí, ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ ń ṣe ṣìn-ìn-ṣìn-ìn.

"Alhaji! Omi ìyá mi!"

"Ẹ̀rọ omi wọn kò yọ," ni Alhaji wí, ó ń wo ilẹ̀. "Ìwọ̀nba tí mo máa lò ni mo fẹ́ bù. Wọ́n wá bá mi pẹ̀lú búútà, wọ́n ní 'Alhaji, ẹ fún wa lómi.' Kẹ́ẹ̀gì wà níwájú mi. Ṣé kí n ní kò sómi?"

"O ò bá sọ fún wọn pé omi òkun ni!"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní omi òkun mọ́. Òótọ́ sì ni, ó mọ́."

N kò rí kápẹ́ńtà bínú bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sórí òkúta, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní ìyá òun ti sọ fún gbogbo ọgbà pé omi ń bọ̀, pé ìyá oníyọ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti àná. Bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọ̀ràn bá le, èmi ni mo mú ìmọ̀ràn wá. Mo ní kí a ra omi ọlọ́rà àti iyọ̀, kí a fi kún un. Ta ló mọ ìpòpọ̀ jù mí lọ? Màá pò ó débi pé òkun fúnra rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀.

"Rárá," ni kápẹ́ńtà wí. "Ìyá mi ò ní fi irọ́ borí."

"Bí ẹ bá bu iyọ̀ sí i," ni Alhaji wí, "ẹ má fi èmi ṣe ẹlẹ́rìí."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni o. Wọn ò gbà á. Nígbà tí Alhaji kírun tán, a wọ ọkọ̀ Ìfọ̀, kápẹ́ńtà gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan bí ọmọ tuntun.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé ọgbà wọn. Àwọn ìyá méjèèjì ti jókòó síta, orí àpótí kan náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará òkun," ni ìyá oníyọ̀ wí. "Ibo niyọ̀ wa wà?"

Kẹ́ẹ̀gì ni Màmá ń wò. Kápẹ́ńtà da omi náà sínú abọ́, kò ju kó bo ìdí abọ́ lọ. Màmá wo abọ́, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Gbogbo ohun tó kù nínú òkun náà nìyí?"

Ìyá oníyọ̀ ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó tún un lá.

"Iyọ̀ ni," ló wí.

Màmá nà ró lórí àpótí.

"Iyọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ta ni? Ṣé Àgbàdo lẹ ti rà á ni, àbí ọjà Ṣàngó?"

Mo fò dìde. Mo ní èmi fúnra mi ni mo bu ú, pé ìgbì gbé mi, pé òkun gba fìlà lórí mi.

"Ìwọ?" Ìyá oníyọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o sọ níbí pé o mọ ògiri kan, mọ́tò rọ́ lù ú, mọ́tò fọ́, ògiri ò fọ́?"

"Òótọ́ ni, Màmá!"

"Mo mọ̀. Bí òótọ́ omi yìí náà ṣe rí nìyẹn."

Kápẹ́ńtà fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá oníyọ̀ ní kó dákẹ́, pé ọmọ kì í jẹ́rìí ta ko ìyá rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó ti ń wá ọ̀pá rẹ̀ láti wọlé.

Alhaji ń họ ẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyá oníyọ̀ rí i.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀ tó funfun bí ẹni tó rìn nínú ẹfun?"

"Omi àlùwàlá ni, Màmá. Ó gbẹ mọ́ mi lára."

"Omi àlùwàlá wo?"

"Èyí tó wà nínú abọ́ yẹn."

Ìyá náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O fi omi yìí ṣe àlùwàlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì kírun lé e?"

"Mo kírun Àsárì lé e. Gbogbo àwọn tó wà ní mọ́sálásí lò ó. Nítorí ẹ̀ ni kò fi pọ̀."

Ìyá oníyọ̀ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ Alhaji, ó sì tẹjú mọ́ abọ́. Ilé-kéwú ló ti dàgbà, ohun tó mọ̀ níbẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

"Omi téèyàn bá bu iyọ̀ sí kì í ṣe omi àlùwàlá mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Omi ọbẹ̀ ni. Èyí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá fi iyọ̀ sí ló mọ́. Ọkùnrin yìí ò lè kó ìrun rẹ̀ dànù nítorí ìjà tiwa." Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Òótọ́ lo ti ń sọ látọjọ́ yìí."

Mo rò pé Màmá á jó. Kò jó. Ó padà jókòó, ó ti ìka tirẹ̀ bọ inú abọ́, ó fi sẹ́nu, ó sì di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á.

"Ẹ wò ó ná," ni ìyá oníyọ̀ wí, tó ti ń wá ìjà mìíràn. "Ọlọ́run bu iyọ̀ síbì kan fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, èmi wá ń fi orí ru àpò iyọ̀ láti ìdí rélùwéè títí ọrùn mi fi kúrú? Ìwọ náà ò sì fi tagbáratagbára sọ fún mi!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, kápẹ́ńtà ń pa á lẹ́yìn. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú.

"Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ọ rí," ló wí. "Mo mọ̀ pé o ò ní gbà á ni. Ẹja kan wà lọ́hùn-ún tó máa ń fò."

"Fò báwo?"

"Á jáde látinú omi, á fò bí ẹyẹ. Ó ní ìyẹ́. Bàbá mi máa ń fi ọwọ́ mú un nínú ọkọ̀."

Mo ti la ẹnu láti sọ pé mo rí i. Kápẹ́ńtà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ìdí fún un: ìyá oníyọ̀ kò wo ọ̀dọ̀ mi, kò sì wo ọ̀dọ̀ Alhaji. Ó gbé abọ́ kúrò láàárín wọn, ó sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àpótí.

"Ó ní ìyẹ́?"

"Ó ní ìyẹ́."

"Ó dáa," ni ìyá oníyọ̀ wí. "Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀."